Ẹ Bi Wá: Kí Ló Sọ Ojú Gbogbo Èèyàn Di Búlúù?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ nẹ́gátíìfù ló gba gbogbo lẹ́tà wa lọ́tẹ̀ yìí. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ ilé ló ti ń tú páálí àtijọ́ wò, wọ́n ń rí fíìmù tí ìyá tàbí bàbá kó pamọ́, wọ́n sì fẹ́ fi fóònù tàbí kámẹ́rà sọ ọ́ di fótò fúnra wọn nílé. Inú mi dùn sí i gidi gan-an, torí ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ń tẹ fótò látara fíìmù ti wọ́n ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, tá a bá sì ní ká máa dúró de ẹni tó máa bá wa ṣe é, fíìmù lè ti bàjẹ́ kónítọ̀hún tó dé. Lẹ́tà mélòó kan ni mo mú, ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí òun ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́.

*

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ló ní ṣọ́ọ̀bù fótò nítòsí ààfin Ọwá níjọ́hun, wọ́n ti dolóògbé, páálí nẹ́gátíìfù kọ́lọ̀ kan ló kù sílé, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, Ìwúde, òkú àgbà, kò sí èyí tí ò sí níbẹ̀. Mo ṣí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì mi sí funfun, mo tẹ́ fíìmù lé e, mo fi fóònù yà á, mo wá fi áàpù yí i padà. Búlúù ni gbogbo èèyàn, ojú wọn rí bíi ti ẹni tí ara ẹ̀ ò yá, àmì tín-ín-tìn-ín onígun mẹ́rin tún kún ara fótò náà. Àwọn kan sọ fún mi pé àwọ̀ ọsàn tó wà lára fíìmù yẹn ló fi hàn pé ó ti gbó. Ṣé lóòótọ́ ni? Àbí kí n kàn lọ wá sikánà rà?*
*Ọmọ Onífótò, Iléṣà*

Àbúrò, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Fíìmù wọn ò gbó, ẹ fọkàn balẹ̀.

Àwọ̀ ọsàn yẹn, àwọn tó ṣe fíìmù ló fi síbẹ̀, iṣẹ́ ló sì wà fún. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ẹni tí èyí bá yé, gbogbo ìyókù á rọrùn fún un. Fíìmù kọ́lọ̀ ní ipele mẹ́ta tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan ń gba búlúù, ọ̀kan ń gba gíríìnì, ọ̀kan ń gba pupa. Tí wọ́n bá fọ fíìmù náà tán, ipele tó gba búlúù á ti di aró yẹ́lò, èyí tó gba gíríìnì á di magenta, ìyẹn pupa tó ń lọ sí àlùkò, èyí tó gba pupa á di cyan, ìyẹn búlúù tó dà mọ́ gíríìnì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi wà ní òdìkejì lójú nẹ́gátíìfù. Ṣùgbọ́n aró yìí ò mọ́ délẹ̀. Magenta tó yẹ kó dí gíríìnì nìkan lọ́wọ́ tún máa ń jẹ díẹ̀ mọ́ búlúù, cyan tó yẹ kó dí pupa nìkan tún máa ń jẹ díẹ̀ mọ́ gíríìnì, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fótò ò ní mọ́ láéláé. Àwọn Kodak ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan ṣe sí i láti bí ọdún 1940 sí 1949, ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kẹ́míkà tó máa di aró náà fúnra ẹ̀ ní àwọ̀ látilẹ̀: ibi tí aró bá ti jáde, àwọ̀ yẹn á lọ, ibi tí aró ò bá ti jáde, àwọ̀ yẹn á dúró. Tẹ́ ẹ bá wá pa méjèèjì pọ̀, ohun tí kò mọ́ nínú aró yẹn á tẹ́ rẹrẹ, á dọ́gba káàkiri gbogbo fíìmù, ohun tó bá sì ti dọ́gba káàkiri ò ṣòroó yọ. Òun là ń rí bí àwọ̀ ọsàn. Ẹ̀rọ tí bàbá yín ń gbé fíìmù fún mọ̀ ọ́n, pépà tí wọ́n fi ń tẹ fótò náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ti ṣe wọ́n láti yọ ọ́ kúrò. Áàpù orí fóònù yín ni ò mọ̀ ọ́n.

Torí náà, bẹ́ ẹ ṣe tẹ bọ́tìnnì ìyípadà, gbogbo ohun tí áàpù rí ló yí, ó yí ọsàn náà mọ́ ọn, òdìkejì ọsàn sì ni búlúù. Kò sí nǹkan mìíì tó fà á o.

Ohun tó tún máa dùn mọ́ yín nínú ni pé láti 1972 tí Kodak ti gbé ọ̀nà ìfọfíìmù tí wọ́n ń pè ní C-41 jáde, tí Fuji àti Konica àtàwọn yòókù náà sì wá ṣe fíìmù tó bá a mu, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ayé ń gbà fọ fíìmù kọ́lọ̀, omi kẹ́míkà tí ìgbóná ẹ̀ jẹ́ 37.8°C, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 15 nínú kẹ́míkà àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n fọ ní Iléṣà àti èyí tí wọ́n fọ ní Tokyo, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà yí wọn padà. Ọsàn tó wà lára wọn ló kàn máa ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, ti Kodak ò rí bíi ti Fuji gẹ́lẹ́, èyí tó bá sì ti pẹ́ nínú ooru tún lè yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ ṣètò róòlù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ má fi ètò kan ṣe gbogbo páálí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sórí iná, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, mo sì rí i pé sọ́fúwíà ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ wá. Àwọn àmì onígun mẹ́rin tẹ́ ẹ rí yẹn, píksẹ́lì ni, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, torí pé ẹ tẹ́ fíìmù lé gíláàsì tààrà ni kámẹ́rà fi rí fíìmù àti píksẹ́lì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé fíìmù náà sókè kúrò lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, bíi sẹ̀ńtímítà 3 sí 5, kẹ́ ẹ wá fi nǹkan funfun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ kọjá sí àárín. Èyí tó dáa jù tó sì rọrùn láti rí níbí ni pásípẹ́ẹ̀sì funfun tó rí bíi mílíìkì, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù, èyí tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ wọn tí ò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ti tó yín lò. Àmì yẹn á pòórá. Tábúlẹ́ẹ̀tì dáa fún ìbẹ̀rẹ̀ torí kò ní kú bí NÉPÀ bá mú iná lọ, ṣùgbọ́n tọ́wọ́ yín bá ká a, ẹ wá pánẹ́ẹ̀lì LED tí wọ́n kọ CRI 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára; CRI ni òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn dáadáa tó. LED olówó pọ́ọ́kú kì í ní gbogbo àwọ̀ nínú, pupa ẹ̀ máa ń kéré, ohun tí ò bá sì ti sí nínú iná ò lè sí nínú fótò, kò sí áàpù tó máa dá a padà. Tẹ́ ẹ bá ń rí ìlà dúdú ìlà funfun tó ń gba orí fótò kọjá, iná náà ló ń ṣẹ́jú, ẹ tan án dé òpin, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà pẹ́ díẹ̀ sí i ní ṣíṣí, bíi 1/30 ìṣẹ́jú-àáyá tàbí kó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ pa gbogbo iná yòókù nínú yàrá, ẹ fa kọ́tìnnì. Ẹ gé páálí dúdú kẹ́ ẹ fi bo gbogbo ibi tí fíìmù ò dé lójú iná yẹn, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á wọ lẹ́ǹsì, á sọ dúdú fótò yín di rẹ́súrẹ́sú. Ojú fíìmù tó ń dán ni kó kọjú sí kámẹ́rà, èyí tí ò dán ni kó kọjú sí iná, lẹ́tà tó wà létí fíìmù á wá ṣeé kà bó ṣe yẹ, bí lẹ́tà bá ti yí sẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé ìyàwó ti bọ́ sí apá tí ò yẹ kó wà nìyẹn.

Mo fẹ́ bi yín, ṣé enlarger tí bàbá fi ń tẹ fótò dúdú àti funfun ṣì wà nílé? Tó bá wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e fún oní-pàǹtírí. Irin ìdúró ẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá tú orí ẹ̀ kúrò tẹ́ ẹ ní kí wẹ́dà bá yín so ibi tí kámẹ́rà máa jókòó sí mọ́ ọn, ó dáa ju sítáńdì tuntun tẹ́ ẹ máa fowó rà lọ, ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ láìmì. Ohun tí wọ́n fi ń di fíìmù mú nínú ẹ̀ náà, kò sí ohun tó mú fíìmù tẹ́ pẹrẹsẹ tó o. Tí ò bá sí, páálí méjì tẹ́ ẹ gé ihò 24 mm sí 36 mm sí láàárín á ṣe é, ìyẹn ni ìwọ̀n fótò kan lórí fíìmù 35 mm.

Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kọjú sí fíìmù gbọnrangandan, bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan á mọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣú. Ẹ gbé dígí pẹlẹbẹ kékeré síbi tí fíìmù máa wà, ẹ wo inú kámẹ́rà, tẹ́ ẹ bá rí ojú lẹ́ǹsì náà fúnra ẹ̀ ní àárín gbùngbùn, ó ti tọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà gidi lẹ ń lò, lẹ́ǹsì macro, èyí tó ń ya nǹkan kékeré láti tòsí, ló dáa jù, tówó ò bá sí, àwọn òrùka tí wọ́n ń fi sáàárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà, èyí tí wọ́n ń pè ní extension tube, ò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ gbé kámẹ́rà sí ISO 100, ojú lẹ́ǹsì sí f/8, kẹ́ ẹ fi táímà ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí i kí ọwọ́ yín má baà mì ín. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ má sún un mọ́ ọn jù, ẹ lo lẹ́ǹsì 2x tó bá ní, ẹ fìka tẹ ojú ẹ̀ kó pẹ́ títí á fi ti fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ pa. Ẹ yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fún pọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé fáìlì ẹ̀ ń jẹ àyè, ṣùgbọ́n nítorí ọsàn yẹn, ìmọ́lẹ̀ pupa ló ń wọlé jù, búlúù ló ń wọlé kéré jù, ẹ máa ní láti na búlúù yẹn gidi nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí i padà, JPEG ò sì ní ohun tó tó nínú ẹ̀ tó lè nà, á kàn já sí gẹrẹgẹrẹ. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ pupa kó má lọ kọjá òpin.

Ìyípadà gan-an wá kù. Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ wà, GIMP wà, Darktable wà, èyí tí wọ́n ń pè ní negadoctor tó ti wà nínú Darktable láti 2020, nẹ́gátíìfù nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Lórí fóònù, Snapseed ní Curves, ìyẹn ìlà tẹ́ ẹ máa fà láti tún àwọ̀ ṣe, níbi tẹ́ ẹ ti lè yan pupa, gíríìnì àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò yàtọ̀: ẹ yí i padà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú pupa nìkan, ẹ fa ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ wá síbi tí fótò ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ fa òpin ẹ̀ wá síbi tí fótò parí sí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gíríìnì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún búlúù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, búlúù ẹ̀ ò ní lọ. Ẹ sì jẹ́ kí etí fíìmù hàn nínú ọ̀kan ó kéré tán nínú ohun tẹ́ ẹ yà lára róòlù kọ̀ọ̀kan, àárín fótò kan sí èkejì náà dáa, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn rí nìyẹn, ọsàn lásán ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ di dúdú nínú fótò. Ẹ fi han negadoctor pé ibẹ̀ nìyí, òun fúnra ẹ̀ á yọ ọ́ kúrò lára gbogbo ìyókù.

Níbi tẹ́ ẹ bá dé yìí, áàpù á máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tẹ «auto». Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ohun tí auto ń ṣe ni pé ó ń ka gbogbo àwọ̀ tó wà nínú fótò pọ̀, ó sì gbà pé tí wọ́n bá pò wọ́n, eérú ló yẹ kó jáde. Ẹ wo fótò ìnáwó kan ní Iléṣà tàbí ní Ẹnuwá: ilẹ̀ pupa, ògiri pupa, páànù tó ti dípẹtà, ọgbọ̀n èèyàn tí awọ ara wọn dúdú mọ́ pupa, aṣọ òkè sányán. Pupa ló yẹ kó pọ̀ nínú ẹ̀! Auto á ní ó ti pọ̀ jù, á da búlúù lé e, ojú gbogbo ẹbí á tún padà di bó ṣe wà nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Kodak fi ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sáwọn tó ń tẹ fótò, tí wọ́n ń pè ní Shirley, àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí ẹ̀, bí ojú obìnrin yẹn bá ti dáa, wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ti wà létò. Ojú tiwa kọ́ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìdí kan nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí nínú álíbọ́ọ̀mù àtijọ́ pé ojú ìyá ìyàwó ṣú dùdù, léèsì funfun wọn sì fún báláú tí ihò ara ẹ̀ ò hàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé nẹ́gátíìfù fótò yẹn síwájú iná, àfàìmọ̀ kí ihò léèsì yẹn má wà níbẹ̀ ṣáká, torí ohun tí fíìmù lè gbà sínú pọ̀ ju ohun tí pépà lè gbé jáde lọ. Bàbá yín yà á dáadáa. Pépà ni ò gbé e.

Ọwọ́ yín ló wà báyìí. Ẹ fi ojú èèyàn ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ojú ọ̀run, kì í ṣe ògiri. Ẹ mú fótò ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n yín tàbí ìyá yín, ẹ tún un ṣe títí awọ ara wọn á fi rí bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lójú oòrùn, kẹ́ ẹ wá fi ètò yẹn ṣe gbogbo róòlù náà. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ìyá jókòó tì yín, àwọn ló máa sọ fún yín pé gèlè yẹn ò rí báyìí, ó pupa jù báyìí lọ.

Ní ti sikánà, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má rà á. Epson V600 ní iná nínú ìdérí ẹ̀, ó ń ṣe fíìmù kékeré àti ńlá, Plustek OpticFilm 8200i ń ṣe 35 mm nìkan, ó sì mọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ́ra, páálí gbogbo nẹ́gátíìfù á gba sùúrù lọ́wọ́ yín pẹ̀lú iná NÉPÀ wa yìí, kámẹ́rà sì ń ya tiẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, kámẹ́rà ni mo máa lò fún iye tó wà nílẹ̀ yẹn.

*

*Ẹ káàsán o. Mo wà ní OAU, mo gbé nẹ́gátíìfù màmá mi lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Lagere, wọ́n sikánì ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sikánì ìwé, dúdú kirikiri ló jáde. Wọ́n ní fíìmù ni ò dáa. Àti pé dpi mélòó ni kí n ní kí wọ́n fi ṣe é?*
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Fíìmù dáa. Sikánà ìwé máa ń tan iná láti ìsàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á kan ìwé, á padà wá sójú ẹ̀. Fíìmù ò ní ìmọ́lẹ̀ tí yóò dá padà, àfi kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá láti òkè, ìdérí irú sikánà yẹn ò sì ní iná. Ẹ má dá àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́bi, ẹ̀rọ wọn ni ò wà fún irú iṣẹ́ yẹn.

Ní ti dpi, ìyẹn iye píksẹ́lì inú íǹṣì kan, ẹ fi 2400 ṣe é. Fíìmù 35 mm á fún yín ní bíi 3400 sí 2270 píksẹ́lì, ó lé ní mẹ́gápíksẹ́lì 7, ó sì tó láti tẹ fótò tó kéré sí ìwé A4 díẹ̀ láìdàrú. Tí wọ́n bá ń kígbe 9600 dpi fún yín, ohun tó wà nínú sikánà pẹlẹbẹ ò tó bẹ́ẹ̀, fáìlì ló kàn ń sanra.

*

*Ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Òjò wọ inú àpótí mi lọ́dún tó kọjá, nẹ́gátíìfù àwọn ọmọ mi ti bu, ohun funfun bí irun ti hù sí i lára, àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra, òmíràn ń rùn kíkan. Ṣé kí n fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ọmọ ọmọ mi tó bá mi yà á?*
*Ìyá Àgbà, Modákẹ́kẹ́*

Mà, ẹ kú ìnira o. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi omi kàn án.

Ibi tí àwòrán wà lára fíìmù, jẹ́látìn ni, ara awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ti ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ohun funfun yẹn fi ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ. Ibi tó bá ti jẹ dé, jẹ́látìn yẹn ti rọ̀, bí omi bá kàn án báyìí, yíyọ́ ni á yọ́, àwòrán á bá omi lọ, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ tú u jáde nínú náílọ́ọ̀nù, ẹ tẹ́ ẹ sínú yàrá tí atẹ́gùn ń wọ̀ tí oòrùn ò ta sí tààrà. Tó bá ti gbẹ tán, kí ọmọ ọmọ yín di imú, kó gbé e síta, kó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gan-an gbá ohun funfun yẹn kúrò jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ má sún mọ́ ọn nígbà yẹn, eruku ẹ̀ ò dáa fún àyà. Tí ìdọ̀tí bá kù, kó ra isopropyl alcohol tí wọ́n kọ 99% sí lára ní ilé-oògùn, kó fi òwú tàbí aṣọ rírọ̀ tó mọ́ nù ún díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tó ń dán. Èyí tó jẹ́ 70% ní omi púpọ̀ nínú, kó má lò ó.

Àwọn tó ti lẹ̀ mọ́ra, mà, ẹ má fà wọ́n ya. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, títí ẹ máa fi rí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Èyí tó bá ṣeé rí nínú wọn, kó yà á bó ṣe wà.

Èyí tó ń rùn kíkan yẹn, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yà nínú gbogbo wọn. Ike tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà ló ń jẹrà, ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú un yá, ásíìdì tó ń tú jáde sì lè ran àwọn tó wà nítòsí ẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá, ẹ má fi náílọ́ọ̀nù dì í pa, inú àpòòwé lásán ni kó wà. Kò sí ohun tó ń dá ìjẹrà yẹn dúró tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ibi tútù kàn lè mú un rọra ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kó má jẹ́ ọ̀la, mà.

*

*Mo ra sikánà tòkunbọ̀ tó ní bọ́tìnnì tó ń yọ eruku, ICE ni wọ́n kọ sí i. Lórí fíìmù kọ́lọ̀ iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, ṣùgbọ́n tí mo bá fi fíìmù dúdú àti funfun sí i, ojú èèyàn á kàn rí jágajàga. Kí ló fà á?*
*Oníbéèrè, Ilé-Ifẹ̀*

Iná tí ojú ò lè rí, infrared, ni bọ́tìnnì yẹn ń lò. Aró inú fíìmù kọ́lọ̀ ń jẹ́ kí iná yẹn kọjá, eruku ò jẹ́ kó kọjá, bẹ́ẹ̀ ni sikánà ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ eruku. Nínú fíìmù dúdú àti funfun, fàdákà ló ya àwòrán náà, fàdákà ò sì jẹ́ kí infrared kọjá, sikánà wá rò pé ojú èèyàn náà eruku ni. Ẹ pa á tó bá jẹ́ dúdú àti funfun lẹ ń ṣe.

Fún èyí àti fún gbogbo àwọn tó ń fi kámẹ́rà ṣe tiwọn tí wọn ò ní bọ́tìnnì kankan, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ eruku tó wà lọ́dọ̀ wa. Láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì tí ọyẹ́ bá wà, kò rọrùn rárá, eruku wà nínú afẹ́fẹ́, fíìmù sì ń fà á mọ́ra torí pé gbogbo nǹkan gbẹ, bẹ́ ẹ ṣe ń yọ ọ́ nínú náílọ́ọ̀nù báyìí ló ń kó o jọ. Tí ò bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ ṣe é lásìkò òjò, ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí òjò alẹ́ ti fọ ojú ọjọ́. Tó bá di dandan lásìkò ọyẹ́, ẹ fi omi nu ilẹ̀ yàrá kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ kámẹ́rà ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹnu, torí itọ́ á ta sí i. Etí nìkan ni kí ọwọ́ yín kàn. Ìdajì wákàtí tẹ́ ẹ bá lò nídìí eruku á gbà yín lọ́wọ́ alẹ́ gbogbo tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò nídìí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ máa fi máa yọ àmì kọ̀ọ̀kan.

*

*Mo ti sikánì ti bàbá mi tán, ó ti wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ìyàwó mi ní ká sun fíìmù náà kí àyè lè wà. Ṣé ó burú?*
*Bàbá Ìbejì, Iléṣà*

Ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín o, sà, ẹ má sun ún. Láptọ́ọ̀pù lè jábọ́, háàdì dísìkì lè kú lóru ọjọ́ kan, olè lè gbé e. Fíìmù tẹ́ ẹ tọ́jú dáadáa á ṣì wà, ẹ sì máa lè tún un yà lọ́jọ́ tí kámẹ́rà tó dára ju èyí lọ bá dé. Kì í gba àyè bẹ́ẹ̀. Ẹ gé e ní mẹ́fà mẹ́fà, tí wọn ò bá tíì gé e, ẹ kó o sínú àpòòwé onípépà, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù PVC tó máa ń rùn yẹn, kẹ́ ẹ tó o sínú páálí. Ẹ má gbé e sí àjà lábẹ́ páànù, ooru ibẹ̀ á pa á. Ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù nínú yàrá tó tutù jù nínú ilé, kó ga kúrò nílẹ̀ díẹ̀ nítorí omi, ibẹ̀ ló dáa. Fáìlì tó wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ ní ẹ̀dà ẹ̀ méjì mìíì, kí ọ̀kan má wà nínú ilé yín rárá.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé fótò ìnáwó àwọn ẹlòmíì sórí Facebook, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn ẹbí náà lọ, ẹ bi wọ́n, àwọn kan nínú wọn ti lọ, ẹlòmíì ò ní fẹ́ kí aráyé rí ọjọ́ yẹn. Èyí tó pọ̀ jù á ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn náà.

Nọ́ńbà tó wà létí fíìmù, 12, 12A, 13, ẹ jẹ́ kó wà nínú orúkọ fáìlì, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà àpòòwé ṣíwájú ẹ̀, bíi 07-12A, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà 07 yẹn sára àpòòwé fúnra ẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, torí íńkì ti báírò lè jẹ inú lọ. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ní fótò ìgbéyàwó òun dà, ẹ ò ní tú gbogbo páálí mọ́.